Òkè mẹ́ta, owó òkè méjì: èwo la máa ṣọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Guangzhou, ní Ṣáínà, pè mí lálẹ́ àná, díẹ̀ ló kù ká jà lórí fóònù. Tíṣà wọn fún wọn ní àṣetiléwá. Òkè mẹ́ta ló wà, igbó bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oríṣi igi 90 ló wà lórí Òkè Kìíní, 85 lórí Òkè Kejì, 30 péré lórí Òkè Kẹta. Owó tó wà nílẹ̀, òkè méjì ló lè gba ẹ̀ṣọ́ sí. Èwo la máa mú?

Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á sọ pé Kìíní àti Kejì. Tíṣà ní rárá o, Kìíní àti Kẹta ni. Àbúrò mi sì gbà pẹ̀lú rẹ̀! Mo ní mágòmágó ni, àfi bí Òkè Kẹta bá jẹ́ ìlú ìyá tíṣà. Ó ní mi ò mọ nǹkan kan nípa igbó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa igi, ṣé ìwé kò ti pọ̀ jù lágbárí àwọn èèyàn wọ̀nyí báyìí?

* * *

Ọmọ Onípákó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tíṣà jàre. Kò jàre tán o, a ṣì máa padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jàre jù yín lọ.

Okobàbá, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ni wọ́n bí mi sí, nínú èéfín lẹ́búlẹ́bú pákó. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kún fún arère, àfàrà àti ọ̀gànwó. Nígbà tọ́wọ́ rẹ̀ ròkè díẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ́nà Múṣin, ó sì tún kó arère, àfàrà àti ọ̀gànwó síbẹ̀. Ẹni tó bá wá ra apá tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀, wọ́n á ní kó lọ wo ṣọ́ọ̀bù kejì. Bó bá débẹ̀, wọ́n á ní kò sí. Oṣù mẹ́rin ni ìyá mi fi wò ó níran, kó tó sọ fún un pé, "Bàbá Wálé, ṣọ́ọ̀bù kan lẹ ní, owó ilé méjì lẹ kàn ń san."

Bí ọ̀rọ̀ igbó ṣe rí nìyẹn. Iye oríṣi igi tó wà lórí òkè kan kọ́ la máa bèèrè, bí kò ṣe iye tó wà níbẹ̀ tí kò sí lórí èyí tá a ti mú. Ká ní 80 nínú 85 ti Òkè Kejì ló ti wà lórí Òkè Kìíní. Bẹ́ ẹ bá mú méjèèjì, oríṣi igi 95 lẹ rí dáàbò bò. Ká sì ní 25 nínú 30 ti Òkè Kẹta ni kò sí lórí Òkè Kìíní rárá. Kìíní àti Kẹta á fún yín ní 115. Owó kan náà lẹ ná, igi 20 ló lé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú:

Ta ló sọ pé 80 ló jọra? Inú àpò ara rẹ lo ti mú un jáde.

Ọmọ Onípákó:

Òótọ́ ni, àpò mi ni. Ẹ bi àbúrò yín ní orúkọ àwọn igi tó wà lórí òkè kọ̀ọ̀kan, ẹ má bi í ní iye wọn mọ́. Bí tíṣà kò bá fún wọn lórúkọ, ẹ̀yin lẹ jàre, torí iye nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú:

Ó ti fi í ránṣẹ́. 78 ló jọra. Nínú ti Òkè Kẹta, 27 ni kò sí lórí Kìíní. Má rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Onípákó:

Mi ò rẹ́rìn-ín. 97 sí 117. Igi 20 náà ló ṣì lé.

Ẹ bi í ní ìbéèrè kan sí i: irú ilẹ̀ wo ló wà lórí Òkè Kẹta? Mo fura pé òkúta ẹfun ni. Gúúsù Ṣáínà kún fún òkè òkúta ẹfun, àwọn òkè ṣóńṣó tá a máa ń rí nínú àwòrán kàlẹ́ńdà. Erùpẹ̀ orí wọn kò nípọn, bí òjò bá rọ̀, omi á gba inú ihò òkúta sá lọ. Igi tó lè dúró síbẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ 30. Àmọ́ èyí tó bá ti mọ́ lára láti gbé orí òkúta bẹ́ẹ̀, ó lè má sí níbòmíràn. Òkè Kìíní àti Kejì ní tiwọn lè máa wo ara wọn lójú, kí ilẹ̀ wọn jẹ́ ilẹ̀ kan náà, kí òjò wọn jẹ́ òjò kan náà. Aládùúgbò tí ń jẹun nínú ìkòkò kan ni wọ́n.

* * *

Ọmọ Onípákó:

Mo jí láàárọ̀ yìí, mo bá èsì tó pọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ìyá Bọ́lá tó wà ní Yábàá lóhùn. Wọ́n ní kí ló kàn wá pẹ̀lú igbó Ṣáínà nígbà tí omi òjò ń wọlé bá àwọn lọ́nà Hẹ́bẹ́ẹ̀tì Mákọ̀lè.

Màámi, ẹ kú ìrọ́jú. Igbó tá à ń sọ yìí kì í ṣe irú tiwa lóòótọ́. Tiwa jẹ́ ti ilẹ̀ olóoru pátápátá. Tiwọn wà létí ilẹ̀ olóoru, níbi tí ooru ti ń mú, tí òtútù gidi náà sì ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá fi ìka lé Guangzhou lórí máàpù ayé, tẹ́ ẹ sì wọ́ ọ lọ tààrà sápá ìwọ̀-oòrùn, inú aṣálẹ̀ Sàhárà lẹ máa já sí. Ohun tó jẹ́ kí ti Ṣáínà di igbó ni òjò tí afẹ́fẹ́ ojú òkun ń gbé wá nígbà ooru. Irú igbó bẹ́ẹ̀ wà ní gúúsù Bràsíìlì, ní etíkun ìlà-oòrùn Ọsirélíà àti ní Gúúsù Áfíríkà náà. Ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán. Igi ẹbí tíì wà níbẹ̀, tíì tí à ń mu yìí gan-an. Igi káńfọ̀ náà wà níbẹ̀. (Ẹyin funfun tí ẹ ń jù sínú àpótí aṣọ lónìí kì í ṣe ti igi mọ́ o, kẹ́míkà ni, ṣùgbọ́n igi ló ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀.)

Ohun tó sì kàn wá ni pé wàhálà àṣàyàn yìí wà nílé náà. Nínú nǹkan bí 47,000 oríṣi igi tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun àdánidá, yẹ̀ wò títí di 2024, ó ju 16,000 lọ tó wà nínú ewu àtiparẹ́. Kò sí orílẹ̀-èdè tó lówó láti ṣọ́ gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá yàn, ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ìgégi lọ́wọ́ á bá a yàn.

* * *

Ọmọ Onípákó:

Ó kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká pa gbogbo ìṣirò tì, ká lọ ṣọ́ igi tó bá ṣọ̀wọ́n jù. Ẹ pọ̀, èdè yín sì dùn. Èmi náà ti gba bẹ́ẹ̀ gbọ́ rí.

Ní 1895, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Medley Wood rí igi kan tó jọ ọ̀pẹ nínú igbó oNgoye, ní KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà. Ìdí kan ṣoṣo ni, akọ sì ni. Wọ́n wá abo rẹ̀ títí, wọn ò rí i. Títí dòní olónìí wọn ò rí i. Wọ́n ń yọ ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ọgbà, nígbà tó di 1916 wọ́n hú èyí tó kù nínú igbó, wọ́n gbé e lọ sí Pretoria. Encephalartos woodii ni wọ́n ń pè é. Gbogbo èyí tó wà nínú ọgbà káàkiri ayé, ara igi kan yẹn ni wọ́n ti ya wọ́n. Ọkọ ìyàwó tó ti ń dúró láti ọdún 1895, ìyàwó ò dé.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń mú nínú ìtàn yìí ni pé ká sáré síbi tí igi ṣíṣọ̀wọ́n wà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Igi kan ṣoṣo, ẹ lè fi ọgbà gbà á là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbàlà apá kan ni. Igi 27 tó ń gbé orí òkúta ẹfun, pẹ̀lú kòkòrò tó ń bá wọn gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn, àti àdán tó ń gbé èso wọn kiri, ọgbà wo lẹ fẹ́ kó wọn sí? Nítorí náà, ẹ ka igi ṣíṣọ̀wọ́n mọ́ ìṣirò, kí ẹ tún fún un ní ìwọ̀n tó ju ti igi tó wà níbi gbogbo lọ. Igi tó jẹ́ pé òkè kan péré ló wà, òkè yẹn ò ṣeé fi òmíràn dípò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi igi kan ṣoṣo dá ẹjọ́ odidi igbó.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà:

Ẹ̀gbọ́n Onípákó, gbogbo èyí tí ẹ ń fi ẹnu sọ, kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é. Sátẹ́láìtì á ya àwòrán igbó, ètò kan á yan ibi tó yẹ. Kí là ń jà lé lórí?

Ọmọ Onípákó:

Àbúrò, o káre. Ètò wà lóòótọ́. Marxan ni wọ́n ń pe ọ̀kan, Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é. Kódà ó gbọ́n ju èmi àti ìyá mi lọ lórí ọ̀rọ̀ kan: mo ń sọ̀rọ̀ lókè bí ẹni pé ká kọ́kọ́ mú òkè tó ní igi jù, ká wá máa wá èyí tó máa kún un. Irọ́ lè wà nínú ìyẹn. Ká ní òkè A ní igi 6, B ní 5, D ní 5. Mẹ́ta nínú ti A wà lórí B, mẹ́ta tó kù wà lórí D, B àti D ò sì jọ ní ìkankan. Bó o bá sáré mú A nítorí pé òun ló pọ̀ jù, A àti B á fún ọ ní 8. B àti D á fún ọ ní 10, gbogbo igi A á sì wà nínú rẹ̀. Òkè mẹ́ta, ojú lè rí i. Òkè 300 ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ló ń yanjú ìyẹn.

Àmọ́ ohun tí wọ́n bá kó fún kọ̀ǹpútà ló máa jẹ. Sátẹ́láìtì rí ewéko, kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo bá lọ́rì dé J4, nínú igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 1925 ni ibẹ̀ ti jẹ́ igbó ọba. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ jí mi, ó ní, "Wálé, igbó rèé." Mo bojú wòta: igi ni lóòótọ́, ó lọ súà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ tò bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Mẹláínà ni, igi tí wọ́n gbé wá láti Éṣíà, tí wọ́n gbìn láti fi ṣe ìwé. Oríṣi kan ṣoṣo, hẹ́kítà lórí hẹ́kítà. Nínú igbó ọba kan náà, 460 hẹ́kítà wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti 1946 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé nǹkan kan níbẹ̀. Láti òkè sánmà, àwọ̀ ewé kan náà ni méjèèjì. Ní Ṣáínà, wọ́n fòfin de gígé igi inú igbó àdánidá káàkiri ilẹ̀ tó gbòòrò lẹ́yìn omíyalé odò Yangtze ní 1998, wọ́n sì ń gbin igi lọ rẹpẹtẹ. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n gbìn ní gúúsù ibẹ̀, ìdílé mẹláínà ni wọ́n nínú ìwà: oríṣi kan, ọjọ́ orí kan, ìlà kan. Bí kọ̀ǹpútà rẹ ò bá mọ ìyàtọ̀, á ní kí o lọ gba ẹ̀ṣọ́ sí oko olóko.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọkà:

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rán àwọn onímọ̀ ewéko lọ sínú igbó láti lọ ka igi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Onípákó:

Wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sì ti ń kà á! Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́; ta ló fẹ́ ru àpò ewé gun òkè fún ọjọ́ mẹ́ta? Ṣùgbọ́n wo ibi tí wọ́n ti ń kó ewé gbígbẹ pamọ́: èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ibi tí mọ́tò lè dé ni wọ́n ti já a. Tó o bá fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ya máàpù, ẹ̀gbẹ́ títì àti àyíká yunifásítì ló máa dà bíi pé igi pọ̀ sí jù lágbàáyé. Òkè tí ẹnikẹ́ni ò gùn á jókòó síbẹ̀ bí òkè tí kò ní nǹkan kan. Òfo inú àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí òfo inú igbó.

Orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan wá sí Okobàbá nígbà kan, mi ò ní dárúkọ iléèwé wọn. Wọ́n ń kọ orúkọ igi sílẹ̀. Wọ́n dé ìdí òkìtì pákó pupa méjì, wọ́n kọ "ọ̀gànwó" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá mi ní, "Ẹ dúró, méjì ni." Wọ́n ní àwọ̀ kan náà ni, bàbá. Ó ní kí wọ́n gbé pákó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo. Èyí tó fúyẹ́ ń wá láti igbó olómi, ìkejì láti ibi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń pẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Orúkọ kan là ń pè wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ náà gbà pé oríṣi méjì ni wọ́n: Khaya ivorensis àti Khaya grandifoliola. Bí wọn ò bá bi alágbàtà pákó, igi kan ni wọn ìbá gbé lọ sílé. Ní abúlé Ṣáínà, mo gbà pé àwọn alágbẹ̀dẹ igi àti eléwé ọmọ náà wà. Ṣé tíṣà ti bi wọ́n?

* * *

Ọmọ Onípákó:

Ẹnì kan bèèrè nínú èsì rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò fi mú igbó ńlá kan ṣoṣo, kí gbogbo àríyànjiyàn parí. Ìjà yẹn ti wà láàárín àwọn onímọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1975: ṣé ńlá kan ló dára, àbí kéékèèké púpọ̀ tí gbogbo wọn jọ tó ńlá yẹn? Wọn ò tíì parí rẹ̀.

Ẹ wo igbó etí òkun Àtìláńtíìkì ní Bràsíìlì. Apá òkè rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ olóoru, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú ibi tí òtútù ti ń mú. Àwọn tó wọn ohun tó kù ní 2009 rí i pé nǹkan bí ìdá 11 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹ́ kù, àti pé ó ju ìdá 80 lọ nínú àwọn ẹ̀kù rẹ̀, ìyẹn àwọn igbó tó já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò tó 50 hẹ́kítà. Ọgbà tó wà ní Lẹ́kí yẹn, tí a máa ń kó ọmọ lọ wo ọ̀bọ, 78 hẹ́kítà ni. Ó tóbi ju èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ!

Ẹni tó fẹ́ràn ńlá á ní kí wọ́n pa kéékèèké wọ̀nyẹn tì. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kù kéékèèké tó wà káàkiri lórí ilẹ̀ oríṣiríṣi lè ní igi tí igbó ńlá kan ò ní, ìdí kan náà tá a fi mú Òkè Kẹta. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn kéékèèké náà ní ẹ̀bi. Afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú pápá ń gba etí igbó kékeré wọlé, ó ń gbẹ ọmọ igi. Igi tí èso rẹ̀ tóbi nílò ẹranko tó tóbi tí á gbé e mì. Bí ẹranko bá ti tán, ẹ máa rí igi arúgbó tó dúró gbọn-in, tó ń so lọ́dọọdún, èhù kan ò sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá ka igi á kà á mọ́ ọn. Wọ́n á ní igbó náà ṣì pé. Igi yẹn ti yàgàn, ikú ló ń dúró dè.

Ohun tí mo bá fẹ́ mú nínú ẹ̀kù, èyí tó sún mọ́ òmíràn ni, tí a lè fi igi gbígbìn so wọ́n pọ̀. Kí ẹni tó bá ń kà wọ́n sì máa wo ilẹ̀, kó ka èhù mọ́ igi.

* * *

Ìyá Bọ́lá, Yábàá:

Mo ti kà á tán. Ẹ ò tíì sọ pé ibi tí ìjọba máa ń yà sọ́tọ̀ fún igi, ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni. Ẹ wo Èkó: ibi tí ewéko bá ṣẹ́ kù sí, ẹ lọ wò ó, àbàtà ni. Àwọn onílẹ̀ ti ta ibi tó dára.

Ọmọ Onípákó:

Màámi, ẹ lu ìṣó yẹn lórí. Gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní gúúsù Ṣáínà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti di oko ìrẹsì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, igbó tó kù wà lórí òkè gogoro. Ìjọba á wá kéde pé orí òkè gogoro yìí ni a dáàbò bò. Ta ni ń bọ̀ wá gé e tẹ́lẹ̀? Máàpù á kún, igi tó wà nínú ewu ní ìsàlẹ̀ ò rí olùrànlọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fò sókè nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Montreal, ní oṣù Kejìlá 2022, pé kí wọ́n dáàbò bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun kó tó di ìparí 2030. Àdéhùn tó dára ni. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣojú ayé lè fi aṣálẹ̀ àti orí àpáta kún ìdá 30 náà láì gba igi kan là.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, ibi tí mo ní tíṣà ò ti jàre tán nìyí. Ó fún wọn ní igi, kò sọ ewu. Òkè Kẹta tó bá jẹ́ òkúta ẹfun lóòótọ́, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò ni. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń fi í ṣe. Òkè tí wọ́n bá gé igi rẹ̀, igi lè tún hù. Òkè tí wọ́n bá lọ̀ di sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ń wò ó, òun la ó kọ́kọ́ mú, ṣáájú Òkè Kìíní pàápàá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì lè gun òun àti Òkè Kìíní lọ ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n kó owó náà lọ síbòmíràn fún ọdún mélòó kan.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú:

Ẹ gbọ́ o. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ẹ̀yìn ìwé àṣetiléwá náà. Ẹ̀YÌN ÌWÉ! Ọjọ́ mẹ́ta la ti ń jà. Òkúta ẹfun ni Òkè Kẹta lóòótọ́. Ó sì wà níbẹ̀ pé ará abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ Òkè Kejì ti ń ṣọ́ igbó ẹ̀yìn ilé wọn láti ayé baba ńlá wọn, ẹnikẹ́ni kì í gé igi níbẹ̀.

Ọmọ Onípákó:

Háà. Igbó fengshui nìyẹn. Ó pọ̀ ní gúúsù Ṣáínà, ẹ̀yìn abúlé ni wọ́n máa ń dá a sí, wọ́n gbà pé òun ló ń dáàbò bo ìlú, tó ń mú oríire wọlé. Ẹ rántí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, 75 hẹ́kítà: ẹ̀rù òrìṣà ti ń ṣọ́ igi tipẹ́ kí UNESCO tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005.

Òkè Kejì ti ní ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Owó òkè méjì, ẹ wá rí òkè mẹ́ta ṣọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ wò bóyá àwọn ọ̀dọ́ abúlé yẹn ṣì wà nílé, tàbí gbogbo wọn ti lọ ṣiṣẹ́ ní Guangzhou, tó fi jẹ́ pé arúgbó mẹ́ta ló kù tó mọ èèwọ̀ igbó náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ náà ò ní pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú:

Mo gbà fún un. Mi ò ní sọ fún un pé mo gbà o. Ó tún fi fọ́tò igi kan ránṣẹ́, ó ní orí òkè òkúta kan tí wọ́n gùn lọ́sẹ̀ tó kọjá lòun ti rí i, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú kíláàsì. Ṣé o mọ̀ ọ́n?

Ọmọ Onípákó:

Mi ò mọ igi Ṣáínà, ẹ̀gbọ́n, àfi bí ẹ bá gé e ní pákó. Fọ́tò yẹn pàápàá ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, orí ewé nìkan ló yà. Ẹ ní kó padà lọ ya ẹ̀yìn ewé, èèpo, àti èso tó bá já sílẹ̀. Kó fi ewé kan ra lọ́wọ́, kó gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi káńfọ̀, ó ti mọ ẹbí tó máa wá a lọ nìyẹn. Kó sì kọ orúkọ òkè náà sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé kò kọ ọ́.